Òkè tí orúnkún Tíṣà lè gùn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lẹ́nu pé mo dé Nepal rí ni ẹ kò ti jẹ́ kí n sinmi mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta tó dá lórí òkè Himalaya ni mo mú lóṣù yìí. Ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ èérí lára adìrẹ Ògìdì, kó ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ìyá Ìsánlú, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí ní Kàbà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Doha ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé ká wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun. Mo wo máàpù, mo rí i pé láti Doha sí Nepal kò ju bíi wákàtí márùn-ún lọ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya Himalaya sójú bọ́ọ̀dù fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò fojú kàn án rí. Ọ̀sẹ̀ kan la lè yọ. Abúlé kan tó jìnnà sí ariwo ni mo fẹ́, níbi tí a ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí a ó sì máa wo òkè oníyìnyín, kì í ṣe ibi tí a ó ti gun òkè kú. Ọmọ ọdún 63 ni mí, orúnkún ọ̀tún mi sì ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ara ìyàwó mi le ju tèmi lọ. Ọ̀rẹ́ ọmọ wa kan ní Everest ni ká lọ, pé ọjọ́ márùn-ún tó o, àti pé bí a bá ti balẹ̀ ni wọ́n máa fún wa ní físà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Kàbà.

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú ìsinmi o. Ìmọ̀ràn méjì ni ọ̀rẹ́ ọmọ yín gbà yín, méjèèjì ló sì kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ọmọ wọn máa ń balẹ̀ sí Kathmandu, olú ìlú Nepal, tí wọ́n á sanwó, tí wọ́n á gba físà lójú ẹsẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Orúkọ wa wà lára àwọn tí Nepal ní kí wọ́n gba físà kí wọ́n tó gbéra nílé. Gánà wà níbẹ̀, Kamẹrúùnù náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé káńtà pápákọ̀ òfurufú ní Doha láìní físà lọ́wọ́, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọkọ̀. Oore tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ aṣojú Nepal wà ní Doha gan-an, torí ọmọ Nepal tó ń ṣiṣẹ́ ní Qatar pọ̀. Kí ọmọ yín lọ bá wọn nísinsìnyí tí ẹ ṣì wà ní Kàbà, kó béèrè irú ìwé tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà àti iye ọjọ́ tí yóò gbà wọ́n. Dọ́là 30 ni owó físà ọjọ́ 15, ti ọjọ́ 30 jẹ́ dọ́là 50. Ọjọ́ 15 tó yín.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rántí wò ni físà Qatar fúnra rẹ̀. Ṣé ó gbà kí ẹ jáde kí ẹ tún padà wọlé, àbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni? Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ó lọ Nepal tán, ẹ kò ní rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ọmọ yín, bẹ́ẹ̀ àpótí yín wà nínú yàrá rẹ̀. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà yẹ́lò, náà ńkọ́? Ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kó tó ní agbára lójú òfin, nítorí náà ẹ má fi í di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà rí kò ní láti tún un gbà mọ́. Ó ti bá a dọ́jọ́ alẹ́ nìyẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ẹ gba abẹ́rẹ́ o, ẹ má ra káàdì lásán lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń dúró sí ẹ̀bá ọ́fíìsì.

Everest ní ọjọ́ márùn-ún? Rárá o. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló ń gbé èrò lọ sí Lukla, tó ti ga ju mítà 2,800 lọ. Ẹsẹ̀ ló kù láti ibẹ̀. Namche, ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà, wà ní mítà 3,440, ibùdó ìsàlẹ̀ Everest wà ní mítà 5,364. Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja tí gbogbo wa ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí rẹ̀ yìí kò tó mítà 500 o. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí wọ́n sì bọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀nà ló jìn tó bẹ́ẹ̀. Ara ni wọ́n ń dúró dè.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó di akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó ń fà símú ń dín kù. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 ni orí fífọ́, èébì, àárẹ̀ àti àìróorunsùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá tún ń gòkè nínú àìsàn yẹn, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ lè wú, èyí sì lè pa á. Ìlànà àwọn dókítà ni pé bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó máa sùn lálẹ́ òní kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 ga ju ibi tó sùn lánàá lọ, kó sì máa fi ọjọ́ ìsinmi sí i láàárín. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀: ẹni tí òkè bá ń dà láàmú, kó yáa máa sọ̀ kalẹ̀, kó má gbé oògùn mì kó tún máa lọ sókè.

Ìdí nìyí, Tíṣà, tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń wá ìrìn tó rọrùn pé kó má tíì béèrè ìrìn tó máa rìn. Bí ibi tó máa sùn ṣe ga tó ni kó kọ́kọ́ béèrè. Abúlé tí kò ga púpọ̀, tí mọ́tò ń dé itòsí rẹ̀, tí òkè gíga sì dúró síwájú rẹ̀, òun ni ẹ ń wá.

Ghandruk ni mo yàn fún yín. Mítà 2,012 ló ga, ìyẹn ni pé ẹ kò tíì dé ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà Gurung ló pọ̀ níbẹ̀. Ògiri ilé wọn jẹ́ òkúta, òrùlé jẹ́ òkúta pẹlẹbẹ, òkúta náà ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ọ̀nà àárín abúlé. Tipẹ́tipẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Gurung ti wọṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Íńdíà, Gurkha ni wọ́n ń pè wọ́n, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì wà lára ohun tó kọ́ ilé tí ẹ máa rí yẹn. Bí ẹ bá bá àwọn bàbá àgbà níwájú ilé, ẹ̀yin àti àwọn á jọ rí ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn sọ, bí amọ̀nà yín bá lè túmọ̀ rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Annapurna Gúúsù, mítà 7,219, àti Hiunchuli, mítà 6,441. Èyí tí ojú yín kò ní kúrò lára rẹ̀ ni Machapuchare, mítà 6,993, tí orí rẹ̀ là sí méjì. Òkè ọ̀wọ̀ ni lójú wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún. Ní 1957, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan gùn ún tí ó ku nǹkan bíi mítà 50 kí wọ́n dé ṣóńṣó. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n sì yí padà, torí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní tẹ orí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti tì í pa. Èmi ò mọ bí àwọn ará ilé wa tó ń fọ́ àpáta ìlú wọn tà fún kọntirakítọ̀ ṣe máa gbọ́ ìtàn yẹn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ilẹ̀ Íńdíà ló ń ti ilẹ̀ Éṣíà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 50 sẹ́yìn, tí ilẹ̀ fi ká sókè di Himalaya. Àwọn àpáta tiwa láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ ti wà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ bá mi sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé àgbà ni òkè tiwa.

N kò ní tàn yín: Ghandruk kì í ṣe abúlé tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ilé àlejò pọ̀ níbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì wà, àlejò sì ń wá lóṣù Kẹwàá dáadáa. Àmọ́ bí ẹ bá gba yàrá sí apá òkè abúlé, láàárọ̀ kùtù ẹ kò ní gbọ́ ju àkùkọ àti aago ọrùn ìbaaka lọ. Ẹlòmíì lè ní kí ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú láti Pokhara, ìlú ńlá tó sún mọ́ Ghandruk, lọ sí Jomsom, pé ibẹ̀ jìnnà jù. Mítà 2,700 nìyẹn, atẹ́gùn àfonífojì Kali Gandaki sì le débi pé àárọ̀ nìkan ni ọkọ̀ ń fò. Àárọ̀ kan bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ yín dàrú. Fún ẹni tó ní oṣù kan lọ́wọ́, ó dáa. Fún yín, rárá.

Bí n ó ṣe pín ọ̀sẹ̀ náà nìyí. Ẹ sùn ní Kathmandu lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Pokhara; bí ìdajì wákàtí ni. Ẹ ó ní ṣé kìlómítà 200 péré lẹ fi ń dẹ́rù ba àwa tí a ti ń rin ọ̀nà Ọ̀bàjánà kí wọ́n tó da kọnkéré sí i. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè ni kìlómítà 200 yẹn, bọ́ọ̀sì lè gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín, orúnkún á sì ká kò níbi ìjókòó. Ní Pokhara, ẹ gba ìwé àṣẹ àtiwọ agbègbè òkè Annapurna, rúpì Nepal 3,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú fọ́tò pélébé dání. Ẹ má ṣe é ní Sátidé o. Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Kódà ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Sátidé ni. Láti April 2023 ni ìjọba ti ní kí àlejò tó máa rìn lórí òkè gba amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ háyà ọ̀kan ní Pokhara, kó jẹ́ ẹni tó máa bá yín gbé ẹrù tàbí tó máa wá ẹni tó máa gbé e.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ háyà jíìpù. Ó máa gba Nayapul kọjá, ó lè tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀nà ẹ̀yìn Nayapul sì ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Ẹ ní kí awakọ̀ gbé yín dé ibi tí mọ́tò lè dé pátápátá, kó má já yín sí Kimche bí ọ̀nà bá ṣì wà níwájú. Àtẹ̀gùn òkúta ló kù. Ẹ rìn ín pẹ̀lẹ́, bó bá gba wákàtí kan, kó gbà á. Ẹ sun oorun alẹ́ méjì ní Ghandruk, bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kó di mẹ́ta. Ẹ padà sí Pokhara, ẹ padà sí Kathmandu, kí ẹ sì fi oorun kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ̀ Doha tó gbéra, torí kurukuru lè dá ọkọ̀ Pokhara dúró. Bí amọ̀nà bá ń pè yín sí Poon Hill, òkè ìwòran kan ní agbègbè náà, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ti gbọ́ nípa àtẹ̀gùn Ulleri tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Ó lé ní 3,000 àtẹ̀gùn, orúnkún yín kò sì dá a mọ̀.

Nípa orúnkún yẹn, ọ̀pá méjì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀kan. Ní sísọ̀, ẹ máa gbé ọ̀pá síwájú kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ọ̀pá lọ: ìbaaka. Wọ́n máa ń tò tẹ̀ léra wọn, gáàsì ìdáná lápá kan, àpò ìrẹsì lápá kejì, ẹrù náà sì yọ síta ju ara ẹran lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ aago wọn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ fara ti ògiri òkè, ẹ má dúró sí ẹ̀bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìbaaka kò mọ̀ pé sìlíńdà òun fẹ̀. Ó kàn máa fi gbá yín lọ ni. Ìyáàfin tó gbà mí sílé níbẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí mọ́ ògiri, ó sì bú mi ní èdè tí n kò gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn yẹn yé mi.

Ìparí October sí November ni kí ẹ lọ, tàbí March sí April nígbà tí igi òdòdó pupa wọn bá tanná. Láti June dé September, òjò, eṣúṣú àti òkè tó ń ya lulẹ̀ ni. Bí ẹ bá mú October, ẹ béèrè ọjọ́ tí ọdún Dashain bọ́ sí, torí ọ́fíìsì á tì, gbogbo ọkọ̀ á sì kún fún àwọn tó ń lọ sílé. Lálẹ́, òtútù Ghandruk kì í ṣe ti ọyẹ́ Kàbà: yàrá kò ní iná amúlégbóná. Súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn. Owó náírà kò wúlò fún wọn. Dọ́là ni kí ẹ mú, ẹ ṣẹ́ ẹ ní Pokhara, ẹ má retí ATM lórí òkè.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń gbèrò ìrìn àjò ìgbéyàwó wa sí Himalaya. AS ni mí, ọ̀rẹ́bìnrin ìyàwó mi tó fẹ́ bá wa lọ jẹ́ SS. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá láti ọdún tó kọjá. Ṣé ewu wà? — T., Mọ̀pà.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìrìn àjò ìgbéyàwó ni ẹ ń mú ọ̀rẹ́ lọ? Ó dáa, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ewu wà, fún ọ̀rẹ́ yín sì ni. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti kéré ni ẹ̀jẹ̀ SS ti ń ká kò, ìrora á bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú rẹ̀ sì jìnnà. Ara tó dá ṣáṣá ní Mọ̀pà kò sọ ohun tí ara yóò ṣe lókè. Bó ti wù kó rí, kó má sùn ní Ghandruk, kó má sì ronú kan ibi tó ga jù ú lọ. Kó dúró ní Pokhara, tó wà ní nǹkan bíi mítà 820 péré. Adágún Phewa wà níbẹ̀, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, òkè Machapuchare yọ gedegbe láti etí omi, kò sì pàdánù púpọ̀. Ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ tún gba ìṣọ́ra, kó rí dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó máa mu omi dáadáa.

Ìwọ AS, ọ̀pọ̀ nínú yín ń lọ tí ẹ ń bọ̀ láìsí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí AS rí, pàápàá lókè mítà 3,000, pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọlọ inú mọ́. Bí ìrora líle bá mú ọ lábẹ́ egungun ìhà òsì, má pè é ní inú kíkùn. Sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wá dókítà, kí o sì sọ fún un láìjẹ́ pé ó béèrè pé AS ni ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè má rò ó rárá. Má sì lọ ra Diamox, oògùn tí wọ́n fi ń dènà àìsàn òkè, ní kẹ́mísì torí o rí i tí ẹlòmíì ń lò ó.

Ìbéèrè: Ìyá, kí ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún? Ṣé kí n gbé gàrí dání? — Kọ́pà, Ẹ̀gbẹ̀.

Ìdáhùn: Ìrẹsì, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì tí wọ́n sè lómi-lómi àti ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ wọn, dal bhat, bí abọ́ bá sì ti ń gbẹ ni wọ́n á tún bù sí i láìgba owó míì. Béèrè dhindo. Ìyẹ̀fun jéró tàbí àgbàdo ni wọ́n ń rò lórí iná bí àmàlà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, gundruk, ìyẹn ẹ̀fọ́ tí wọ́n jẹ́ kó kan kí wọ́n tó sá a, ló máa ń bá a rìn. Má béèrè ẹran màlúù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; òfin wọn kò gbà kí wọ́n pa á. Adìyẹ àti ewúrẹ́ wà. Ata wọn ń ta, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro rẹ. Omi ẹ̀rọ ni kí o má mu, àfi èyí tí wọ́n bá sè. Gàrí tí o ń sọ yẹn, bí o bá máa gbé e, gbé ìwọ̀nba, torí omi gbígbóná ni wọ́n máa gbé fún ọ lórí òkè, o sì mọ ohun tí omi gbígbóná ń sọ gàrí dà.